Sátíìnì Kì Í Gbé Ilé Ró

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí ẹ tó ka ìtàn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbójú sókè kí ẹ wo àjà ilé yín ná. Bó bá jẹ́ àjà lásán lẹ rí, ẹ dúpẹ́. Bó bá jẹ́ pé aṣọ ni wọ́n ta bò ó, ẹ yáa bi ẹni tó ta á pé kí ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin tí ìtàn yìí dá lé lórí ló ní kí n sọ ọ́ fún yín. Ó ní kí n má fi nǹkan kan bò ó, nítorí pé bíbò ló kó bá òun.

Aránṣọ ni. Aṣọ ìgbéyàwó nìkan ló ń rán, àwọn aṣọ funfun gbọọrọ tí ìrù wọn ń wọ́ tẹ̀lé ìyàwó lẹ́yìn. Ọkọ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Alábẹ́rẹ́, nítorí kò sí ibi téèyàn lè jókòó sí nínú ilé wọn tí abẹ́rẹ́ kò ní gún un. Ọkọ náà, nọ́ọ̀sì ni ní ọsibítù ńlá kan, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í fún aláìsàn lóògùn láìka ara ìgò lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ọ̀sì la ó máa pè é.

Ilé tí wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀ há. Bí Alábẹ́rẹ́ bá fẹ́ ṣe etí ìrù aṣọ kan, yóò tẹ́ ẹ láti pálọ̀ gba kọ́rídọ̀ lọ dé ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, Nọ́ọ̀sì yóò sì máa fò ó bí ẹni tó ń fo gọ́tà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n ń wá ilé tí wọn yóò rà, Alábẹ́rẹ́ kò béèrè ilé ìdáná, kò béèrè àgbàlá. Ó kàn ń fi tẹ́ẹ̀pù wọn pálọ̀ àwọn èèyàn kiri ni.

Lọ́jọ́ tó wọ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan báyìí, tẹ́ẹ̀pù rẹ̀ kò gùn tó. Pálọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti fèrèsé iwájú, ó lọ gbọọrọ dé fèrèsé ẹ̀yìn, nǹkan kan kò dí i lọ́nà. Ó tẹ́ ìrù aṣọ kan síbẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀, ó tẹ́ òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àyè ṣì kù. Dígí kan tó ga ju Nọ́ọ̀sì lọ sì wà lára ògiri.

"Bí ẹ bá ra ilé, mo fi dígí sílẹ̀ fún yín," bàbá tó fẹ́ ta ilé náà wí. "Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ojú tèmi ti hunjọ."

Ẹlẹ́rìn-ín ni ká pe bàbá yìí, nítorí ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má tíì bínú sí i. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gùn díẹ̀ sí i ná.

Nọ́ọ̀sì fẹ́ràn ilé náà, àmọ́ ó ní ẹnjiníà gbọ́dọ̀ wò ó. "A kì í gún èèyàn lábẹ́rẹ́ láìkọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò," ó wí. Iṣẹ́ kò jẹ́ kó ráyè lọ́jọ́ tí ẹnjiníà ń bọ̀, ló bá ní kí ìyàwó òun mú un lọ, kó sì gbọ́ gbogbo ohun tó bá sọ wá fún òun.

Ẹnjiníà kan ògiri gbà-gbà-gbà. Ó gun òkè, ó fẹsẹ̀ kilẹ̀ nínú yàrá tó wà lórí pálọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó wá ń fi ìka tọ́ka sí ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gba àárín àjà pálọ̀ kọjá.

"Ilé náà dára, Màdáámù," ó ní. "Ìpìlẹ̀ rẹ̀ le, òrùlé rẹ̀ kò jò. Àmọ́ ògiri kan wà níbí tẹ́lẹ̀, wọ́n ti wó o. Ògiri yẹn ló gbé yàrá òkè ró, wọn kò sì fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀. Ẹ bi onílé bóyá ó gba ìwé àṣẹ kó tó wó o. Bí kò bá gbà á, ẹ má rà á títí yóò fi tún un ṣe. Ẹ bá mi kí ọkọ yín kú iṣẹ́."

Alábẹ́rẹ́ bi Ẹlẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín.

"Ìwé àṣẹ kẹ̀? Nínú ilé ara mi? Ìyàwó mi ló ní pálọ̀ há, mo ní kí bíríkìlà gbé òòlù. Àwọn ọmọ mi fò sókè sódò nínú yàrá yẹn títí wọ́n fi dàgbà tí wọ́n lọ. Ṣé ó wó lù wá? Màdáámù, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí mọ sáàárín èmi àti ẹ̀yin. Bí ẹ bá gbé e dé ọ́fíìsì àwọn tó ń fọwọ́ sí ilé kíkọ́, wọ́n á ní kí ẹ dá ògiri padà. Pálọ̀ yín á tún di méjì."

Pálọ̀ yín á tún di méjì. Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ Alábẹ́rẹ́ lára. Ó wo dígí, dígí náà wò ó. Aránṣọ ni, ẹ má gbàgbé, kò sì sí aṣọ tí kò ṣeé tú lójú aránṣọ. Èyí tó fún, wọ́n á tú ojú rán rẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ di fífẹ̀, ẹnì kankan kò sì ní mọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ojú rán kan ṣoṣo ni wọ́n tú lára ilé yìí. Kò rántí pé kò sẹ́ni tó ń sùn sókè aṣọ.

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì dé, ó bi í pé, "Kí ni ẹnjiníà sọ?"

"Ó ní ilé náà dára. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ le, òrùlé rẹ̀ kò jò."

"Kò sọ nǹkan mìíràn?"

"Ó ní kí n kí yín kú iṣẹ́."

Ṣé irọ́ ló pa? Gbogbo ohun tó sọ ni ẹnjiníà sọ. Ìdajì iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́, ó gbé ìdajì yòókù mì. Wọ́n ra ilé.

Ayọ̀ ṣáá ni níbẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyàwó ń wá, wọ́n ń yí bírí níwájú dígí, àwọn ìyá wọn ń nu omi ojú. Nọ́ọ̀sì ń rìn fàlàlà nínú pálọ̀. "Mo ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń fò," ó wí.

Kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn yàrá tó wà lórí pálọ̀ kò fẹ́ tì mọ́. Nọ́ọ̀sì fá etí rẹ̀, ó tì. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó tún há. Ó tún fá a. "Òjò ló ń mú kí pákó wú," ó ń wí, inú rẹ̀ sì ń dùn pé òun ti di káfíńtà. Alábẹ́rẹ́ ń gbé omi tútù fún un, kò lè wo ojú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìlà àjà pálọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀. Èyí tó tín-ín-rín bí òwú tẹ́lẹ̀ di èyí tí èékánná lè wọ̀. Kí ni aránṣọ yóò ṣe? Ó ra sátíìnì funfun, ó ṣẹ́ ẹ léra wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó fi ìṣó kéékèèké kàn án mọ́ àjà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ó sì fi òdòdó aláṣọ dì í láàárín. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì ti ibi iṣẹ́ dé, ó la ẹnu.

"Kí nìyí?"

"Àrà tuntun ni. Kí àwọn ìyàwó lè mọ̀ pé ilé aláṣọ ìgbéyàwó làwọn wọ̀."

"Ọpọlọ ìyàwó mi pé," Nọ́ọ̀sì wí, ó sì pe àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ wá wò ó.

Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni pé àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. Ìyá ìyàwó kan ní kó wá bá òun ta irú rẹ̀ sí pálọ̀ òun, aládùúgbò kan náà ní òun ń fẹ́. Alábẹ́rẹ́ wá ń ta aṣọ sí àjà àwọn èèyàn tí àjà wọn kò ṣe nǹkan kan. Bí ìlà tirẹ̀ bá sì ti fẹ́ yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, yóò rán ìṣẹ́po kan kún un. Sátíìnì náà pọ̀ títí Nọ́ọ̀sì fi béèrè bóyá àjà fẹ́ lọ ṣègbéyàwó ni.

Iná kò ṣeé fi sórí òrùlé sùn. Bí ọkọ̀ ńlá bá kọjá lójú títì, Alábẹ́rẹ́ á gbójú sókè. Yàrá tó wà lórí pálọ̀ yẹn ló dára jù nínú ilé, ó ní fèrèsé méjì, àmọ́ Alábẹ́rẹ́ ní àwọn kò ní sùn síbẹ̀, yàrá aṣọ òun ni. Ó wá gbé ìwọ̀nba aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kọ́ síbẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí ìyá Nọ́ọ̀sì fi ní òun ń bọ̀ wá bá wọn gbé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ìyá tó jẹ́. Nígbà tí ìyá tó bí Alábẹ́rẹ́ kú, ìyá ọkọ yìí ló wá dúró tì í, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu oúnjẹ sí i lẹ́nu títí ó fi lè jẹun fúnra rẹ̀. Láti ìgbà náà, "Mọ́mì" tí Alábẹ́rẹ́ ń pè é kì í ṣe ti ẹnu lásán. Obìnrin tó sanra ni, aláwàdà, ó sì ń bọ̀ pẹ̀lú kọ́bọ́ọ̀dù igi líle kan tí olóògbé ọkọ rẹ̀ kàn fún un, tí ọkùnrin mẹ́rin ń gbé tí wọ́n ń mí hẹlẹ.

"Yàrá olófèrèsé méjì ni Mọ́mì máa wà," Nọ́ọ̀sì wí tayọ̀tayọ̀.

"Ẹsẹ̀ wọn ńkọ́? Àtẹ̀gùn yẹn ga. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà nísàlẹ̀, nínú yàrá ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná."

"Èyí tí à ń kó ìgbálẹ̀ sí?"

"Màá kùn ún."

Ó kùn ún lóòótọ́. Ó rán kọ́tìnì tuntun sí i, ó rán ìrọ̀rí jọ gègèrè sórí ibùsùn. Ṣùgbọ́n yàrá kékeré, yàrá kékeré ni. Nígbà tí Ìyá wọ ibẹ̀, tó yí po lẹ́ẹ̀kan, yàrá ti kún. Kọ́bọ́ọ̀dù kò gba ẹnu ọ̀nà, wọ́n gbé e tì sí kọ́rídọ̀.

"Ẹsẹ̀ mi kò ṣe mí ní nǹkan kan o, ìyàwó mi," Ìyá wí jẹ́jẹ́. "Mo lè gun àtẹ̀gùn."

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká rọra ṣe é ná."

"Kò burú."

Ìyá kò sọ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n àwàdà rẹ̀ ń dín kù. Bó bá fẹ́ wọ ilé ìdáná, á kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, á béèrè bóyá òun lè wọlé. Ó ń dun Alábẹ́rẹ́ wọnú eegun, nítorí ó mọ ohun tí Ìyá ń rò.

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì obìnrin, ọ̀gá ilé ìwé, kò rò ó ní tirẹ̀, ó sọ ọ́ síta. Ó gun òkè lọ wo yàrá aṣọ, ó sọ̀ kalẹ̀, ó káwọ́ gbera.

"Ìyàwó, mo ti rí aṣọ tó wà lókè. Aṣọ mẹ́rin ló ń gbé yàrá olófèrèsé méjì. Ìyá wa ń bá ìkòkò gbé."

"Àǹtí, kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Báwo ló wá ṣe jẹ́?"

 Alábẹ́rẹ́ fẹ́ sọ ọ́, ó dé ètè rẹ̀, ó rántí ìdajì iṣẹ́ tó gbé mì, ó gbé èyí náà mì.

Nọ́ọ̀sì náà pè é sí kọ̀rọ̀. Ohùn tó fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ló fi bi í. "Ibo ló ń dùn ẹ́? Ṣé Mọ́mì ṣẹ̀ ẹ́ ni?"

"Rárá."

"Ṣé o kò fẹ́ kí wọ́n bá wa gbé?"

"Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀, tọkàntọkàn."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á gòkè."

Nígbà tí Sátidé pé, Ẹ̀gbọ́n kó àwọn olùkọ́ mẹ́rin wá láti ilé ìwé rẹ̀, àwọn tí wọ́n lágbára. Ìyá jókòó sórí àga láàárín pálọ̀, lábẹ́ òdòdó aláṣọ gan-an. Wọ́n gbé kọ́bọ́ọ̀dù dé ìdajì àtẹ̀gùn. Alábẹ́rẹ́ ti dúró dè wọ́n lókè, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e wọlé."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀," Ẹ̀gbọ́n wí. "Gbogbo yín ti rí i fúnra yín báyìí."

"Kúrò lọ́nà," Nọ́ọ̀sì wí. Kì í pariwo, kò sì pariwo.

"Mi ò kúrò."

Olùkọ́ tó wà lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè parí ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀yìn mi ti fẹ́ kán."

Ìyá ló sọ̀rọ̀ láti pálọ̀. "Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ má fi tèmi da ilé ọmọ mi rú. Bí ìyàwó mi kò bá fẹ́ mi lókè, màá wà nísàlẹ̀. Bí kò bá fẹ́ mi nísàlẹ̀ náà, ọ̀nà tí mo gbà wá kò tíì dí." Ó fẹ́ fi ẹ̀rín gbé e, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ gbọ̀n.

Alábẹ́rẹ́ lè fara da kí wọ́n pè é ní ìkà. Kí Ìyá gbà pé òótọ́ ni, ìyẹn ni kò lè fara dà. Ó fún ara gba ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù kọjá, ó wọ pálọ̀, ó di Ìyá lọ́wọ́ mú, ó mú un lọ sẹ́bàá fèrèsé. Ó wá gun orí tábìlì tó fi ń gé aṣọ, ó di etí sátíìnì mú, ó fà á.

Àwọn ìṣó ń já ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òdòdó jábọ́, sìmẹ́ǹtì wẹ́wẹ́ sì dà sórí àga tí Ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Ìlà tó wà lẹ́yìn aṣọ náà ti lọ láti ògiri dé ògiri, ìka ọwọ́ lè wọ inú rẹ̀. Àjà náà fúnra rẹ̀ ti tẹ̀ wálẹ̀ láàárín. 

"Ògiri kan wà níbí tẹ́lẹ̀," Alábẹ́rẹ́ wí lórí tábìlì. "Òun ló gbé yàrá òkè ró. Onílé wó o láìgba àṣẹ, mo sì mọ̀ kí a tó ra ilé. Mọ́mì, mi ò kọ̀ yín. Ẹ̀rù ló ń bà mí kí yàrá yẹn má gbé yín já wálẹ̀."

Nọ́ọ̀sì wo àjà, ó wo ìyàwó rẹ̀. "Ẹnjiníà ńkọ́? Ṣé kò rí i ni?"

"Ó rí i."

"O ní ó ní ilé náà dára."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, 'àmọ́.' Ohun tó tẹ̀lé àmọ́ yẹn ni mi ò sọ fún yín."

"Mo ń fá ilẹ̀kùn, o ń gbé omi fún mi," Nọ́ọ̀sì wí. Ọ̀rọ̀ yẹn dun Alábẹ́rẹ́ ju èébú lọ.

Olùkọ́ tí ẹ̀yìn ń dùn béèrè lórí àtẹ̀gùn pé, "Ṣé ká máa gbé e gòkè ni, àbí ká gbé e padà?"

"Ẹ gbé e jáde," Ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn. "Gbogbo wa là ń jáde."

Ní ìta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, Ìyá bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀. "Wọ́n ní kò sí ohun tó ń bọ̀ lókè tí ilẹ̀ ò gbà. Àmọ́ èmi kì í ṣe ilẹ̀ o, ìyàwó mi." Nígbà tó nu ojú tán, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Láti ọjọ́ tí mo dé ni mo ti ń bi ara mi pé kí ni mo fi ṣe ọmọ yìí. Mo ti ń di ẹrù mi lọ́kàn. Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Ojú ló ń tì mí, Mọ́mì."

"Ojú ń tì ẹ́, o wá jẹ́ kí n máa rò pé o kórìíra mi. Ọmọ mi tó ń rìn lábẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ ńkọ́? Àwọn ọmọ ọlọ́mọ tó ń wá wọ aṣọ ńkọ́? Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́?"

 Alábẹ́rẹ́ sunkún níbẹ̀, lójú títì, lójú gbogbo aládùúgbò tó ń wá wo àrà tuntun tẹ́lẹ̀.

Ilé Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wọn kó lọ. Ìyà wo ló tún kù? Ní àràárọ̀ ni Ẹ̀gbọ́n ń fi ìka kan ògiri ibi ìjẹun rẹ̀. "Ìyàwó, wá jókòó jẹun. Ilé mi ní ògiri." Àmọ́ òun náà ló tún fà á mọ́ra lọ́jọ́ kan. "Má bínú," ó ní. "Mo ń pè ẹ́ ní ìkà. Òpùrọ́ ló yẹ kí n máa pè ẹ́."

Ẹnjiníà padà wá, ó fi igi ńláńlá ti àjà ró. Ó ní, "Màdáámù, ṣé mi ò sọ ọ́ ni?" Nọ́ọ̀sì ló dáhùn: "Ẹ sọ ọ́. Kò dé ọ̀dọ̀ mi ni." Wọ́n wá Ẹlẹ́rìn-ín lọ. Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín, ó ní òun sọ ọ́ fún Alábẹ́rẹ́, òótọ́ ló sì sọ. Àwọn ará ọ́fíìsì tó ń fọwọ́ sí ilé kíkọ́ wá, wọ́n bá wọn wí dáadáa, wọ́n ní òpó méjì àti ìdajì ògiri gbọ́dọ̀ padà sí àárín pálọ̀. Wọ́n mọ ọ́n, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fọwọ́ sí i. Pálọ̀ di méjì, ìrù aṣọ ìyàwó sì gbọ́dọ̀ yí òpó po báyìí.

Ní gbogbo ìgbà yìí, Nọ́ọ̀sì ń jẹun tí Alábẹ́rẹ́ bá sè, ó ń dáhùn tó bá kí i, ṣùgbọ́n kò bá a ṣàwàdà. "Hẹn" ni, "ó dára" ni. Ọkọ tó ń fo ìrù aṣọ tẹ́lẹ̀, tó ń bi àjà bóyá ó fẹ́ lọ ṣègbéyàwó, ó ti di àlejò. Alábẹ́rẹ́ sọ fún mi pé bí wọ́n bá ní kí òun fi gbogbo pálọ̀ ayé ra ẹ̀rín rẹ̀ padà nígbà yẹn, òun á rà á. Ẹ̀kọ́ tó sì ní kí n fún yín kò pọ̀: bí wọ́n bá rán yín níṣẹ́ sí ẹni tó fọkàn tán yín, ẹ jẹ́ ẹ tán. Ohun tó dùn nínú rẹ̀ lè dúró. Èyí tó korò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n padà sílé, àwọn olùkọ́ gbé kọ́bọ́ọ̀dù gòkè, kò sí ohun tó mì. Alábẹ́rẹ́ di apá Ìyá mú lórí àtẹ̀gùn, Nọ́ọ̀sì ń gbé báàgì bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ní ìdajì ọ̀nà, Ìyá dúró.

"Kí lo tún mọ̀ nípa ilé yìí tí àwa kò mọ̀? Sọ ọ́ kí n tó gòkè."

Alábẹ́rẹ́ ronú. "Ẹ̀rọ omi ẹ̀yìn ń jò díẹ̀díẹ̀."

"Òmíràn?"

"Fèrèsé yín kan kò tì dáadáa. Ológbò aládùúgbò ń gba ibẹ̀ wọlé."

"Òmíràn?"

Alábẹ́rẹ́ wo ilẹ̀. "Ife tíì yín, èyí tó ní ìlà búlúù, tí a ní ó sọnù nígbà tí ẹ̀ ń kó bọ̀. Èmi ni mo fọ́ ọ. Mo sin ín sẹ́yìnkùlé."

"Mo mọ ìyẹn," Ìyá wí. "Mo hú u jáde nígbà tí mo ń gbin òdòdó."

Wọ́n gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn wọn. Nọ́ọ̀sì ti jókòó sórí àtẹ̀gùn, báàgì wà lórí itan rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. "Ó sin ín," ó ń wí, ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ tán. "Ìyàwó mi sin ife."

Alábẹ́rẹ́ dúró sójú kan, ó di apá Ìyá mú, kò fẹ́ gbé ẹsẹ̀ rárá, kí ẹ̀rín náà má baà tán.